Ludwina, Ẹni Tó Ń Tẹ Ọ̀nà ní Jodernried

Ìyá ọkọ mi, Ludwina Andenmatten, ló ń tẹ ọ̀nà fún wa ní Jodernried, ìlú kékeré orí òkè. Bí yìnyín bá rọ̀ mọ́jú, tó bo ọgbà, tó bo àtẹ̀gùn, tó jẹ́ pé òrùlé nìkan lojú ń rí, ilẹ̀kùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dún. Á jókòó sórí pákó iwájú ilé, á di bàtà yìnyín mọ́ ẹsẹ̀, á sì gba ẹ̀yìn ọpọ́n omi gbogbo ìlú jáde. Kì í pe ẹnikẹ́ni kó bá òun lọ. Nígbà tí àwa yòókù bá fi máa gbé wàrà kaná, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ la máa rí tó ń gun òkè lọ gbọọrọ.

Bàtà yìnyín tí mò ń sọ yìí, igi tútù ni wọ́n tẹ̀ roboto bí ẹnu apẹ̀rẹ̀, tí wọ́n wá fi awọ màlúù hun inú rẹ̀ bí asẹ́. Ẹni tó bá dì í mọ́ ẹsẹ̀ kò ní rì. Ẹni tí kò bá ní in, yìnyín á gbé e mì dé itan. Àwọn àlejò tó ń wá lóde òní, oníke aláwọ̀ mèremère ni wọ́n ń wọ̀. Onígi ni tìyá ọkọ mi, bàbá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un.

Ọ̀nà náà kò gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ nídìí ọpọ́n omi, ó gba àárín àwọn àká àtijọ́ tí wọ́n gbé lé orí òkúta pẹlẹbẹ kí eku má bàa gùn wọ́n, ó kọjá lára àwọn ilé òkè, ó wọ inú igbó, ó yọ sí ilé àdúrà Sẹbasitíánì lórí àpáta, kó tó wá gba ẹ̀yìn ààrò búrẹ́dì sọ̀ kalẹ̀ padà wálé. Nígbà ooru, ọmọdé lè sáré yí i ká kí búrẹ́dì tó jinná. Nígbà òtútù, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Láyé ìgbà tí Ludwina wà lọ́mọge, tí wọn kò bá tẹ ọ̀nà yẹn, ará òkè kò lè dé ìsàlẹ̀, wàrà kò lè wálé, òkú kò sì lè dé ibojì. Nítorí náà ìlú a máa yan ẹnìkan tí yóò máa tẹ̀ ẹ́. Theodul Andenmatten, bàbá Ludwina, ni wọ́n yàn, ó sì ṣe é títí ọjọ́ tí ìtì igi kan fi yọ̀ lọ́wọ́ àwọn agégi nínú igbó, tó sì fọ́ ọ lẹ́sẹ̀.

Kò tíì sí yìnyín nílẹ̀ nígbà náà. Àwọn ọkùnrin ìlú pé jọ sí yàrá òkè ààrò, torí ibẹ̀ ló máa ń móoru jù, kí wọ́n lè yan ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni Ludwina ti kan ilẹ̀kùn.

Odilo Ruppen ni olórí ìpàdé. Ó gbójú sókè. "Ọmọ Theodul, ṣé kò sí o?"

"Kò sí o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin bàbá. Mo wá sọ fún yín pé èmi ni n ó máa tẹ ọ̀nà."

Ẹ̀rín sọ. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní, "Pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì yẹn?"

"Síkẹ́ẹ̀tì kọ́ ló ń tẹ ọ̀nà, bàbá. Ẹsẹ̀ ni."

Odilo kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ le. "Ọmọ mi, a mọ̀ pé ara ń ta ọ́ nítorí bàbá rẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọkùnrin nìyí. Lọ tọ́jú ẹ̀ nílé. Meinrad ni yóò máa bá wa ṣe é."

Meinrad, ọmọ Odilo, jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, búrẹ́dì kún ẹnu rẹ̀. Ẹnu ìpàdé yẹn lòun náà ti ń gbọ́ ọ.

Nígbà tí Ludwina délé, bàbá rẹ̀ gbé orí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní Meinrad."

"Meinrad wo? Èyí tí kì í tètè jí yẹn?"

"Òun náà ni."

Theodul bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí ìtì igi ti wó lù ú, kò tíì rẹ́rìn-ín rí. Ó ní kí ó bá òun gbé bàtà yìnyín wá láti ibi tí wọ́n fi í kọ́ sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọ̀rá sí okùn awọ rẹ̀.

Kété lẹ́yìn ọdún tuntun ni yìnyín ńlá dé. Ó rọ̀ lójú ọjọ́, ó rọ̀ lóru, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e káàkiri bí ìyẹ̀fun. Láàárọ̀ ọjọ́ tó dá díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ aago ọrùn màlúù láti ilé òkè, ẹnìkan ń lù ú, kò dáwọ́ dúró. Alban ni. Ìyàwó rẹ̀, Agnes, ti ń rọbí láti àná, ọmọ kò sì wá.

Àwọn ọkùnrin kó ṣọ́bìrì jáde sídìí ọpọ́n omi. Ibà ti dá Meinrad dúbúlẹ̀, kò lè dá jókòó, ká má tíì wá sọ pé yóò rìn. Èyí ní kí wọ́n máa wa yìnyín lọ díẹ̀díẹ̀. Èyí ní tí wọ́n bá ń wà á, ilẹ̀ á ṣú kí wọ́n tó dé ibi àká. Wọ́n ṣì ń bá ara wọn jiyàn nígbà tí Ludwina yọ, bàtà bàbá rẹ̀ ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kreszenz agbẹ̀bí náà ti dúró síbẹ̀, obìnrin gbàǹgbà kan, àpò rẹ̀ lẹ́yìn.

"Ta ló ń lọ níwájú?" Kreszenz bèèrè.

"Èmi ni, Màmá."

"Ó dáa. Ṣáà má sáré. Mo sanra."

Kò sí ẹni tó dá wọn dúró. Odilo wà níbẹ̀, ó sì yà fún wọn.

Ẹni tó bá ń tẹ ọ̀nà fún ẹlòmíràn, kì í rìn bí ẹni ń ròde. Á tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, á dúró kí yìnyín gbà á, á tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kó tó gbé ìkejì. Bí Ludwina ṣe ṣe é nìyẹn láti ìdí omi dé àárín àwọn àká. Afẹ́fẹ́ ń gbá ojú rẹ̀, omi dì sí irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Lẹ́yìn àwọn àká, ibì kan wà tí ilẹ̀ ti tẹ̀ kòtò láti orí òkè wá, ibẹ̀ ni yìnyín máa ń gbà ya lulẹ̀ nígbà mìíràn. Ó dé ibẹ̀, ó gbọ́ tí ilẹ̀ fọhùn lábẹ́ rẹ̀, ohùn kékeré, bí ìgbà tí ènìyàn bá jókòó sórí àga ògbólógbòó. Ó dúró. Ó mọ̀ pé yìnyín fẹ́ ya nìyẹn, ó yí padà, ó sì gba etí igbó gòkè, ibi tí igi ti di ilẹ̀ mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jìn ju ti ìsàlẹ̀ lọ.

"Ṣé a ti ṣìnà ni?" Kreszenz bi í láti ẹ̀yìn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Rárá o. À ń yà bá igbó."

"Ṣé igbó lóyún ni?"

Ludwina sọ fún wa pé ẹ̀rín yẹn ló gbé òun dé òkè. Ó gba àpò lọ́wọ́ agbẹ̀bí, ó gbé e kọ́ àyà, wọ́n ń lọ. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Alban, ọwọ́ Alban ti bó níbi tó ti ń lu aago. Ẹsẹ̀ ni ọmọ náà fi ń bọ̀. Kreszenz kò tilẹ̀ bọ́ ìbọ̀rí rẹ̀ kó tó kúnlẹ̀. Kí òrùn tó kúrò lórí òkè, ọmọ ti ké. Obìnrin ni, wọ́n sọ ọ́ ní Verena. Ọmọ yẹn ló ń yan búrẹ́dì fún gbogbo wa lónìí.

Kreszenz kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ilé tó bá wọ̀, á ní, "Ká ní mo pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òkú méjì là bá gbé sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ Theodul ló gbà wọ́n là." Odilo gbọ́. Ó fi odindi wàràkàṣì kan ránṣẹ́ sí Ludwina. Ṣùgbọ́n ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́wọ́ Meinrad.

Ludwina jẹ wàràkàṣì náà. Ó ní ó dùn. Nígbà tí yìnyín tún rọ̀, ó dìde kí àkùkọ tó kọ, ó sì lọ tẹ ọ̀nà. Meinrad jáde, ó bá a pé wọ́n ti parí iṣẹ́ òun. Ìgbà kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìgbà kẹta, àwọn ènìyàn ti ń dúró dè é nídìí omi.

"Meinrad, o mà kú iṣẹ́ o."

"Ẹsẹ̀ ẹ ti wá kéré o, Meinrad. Àbí ibà yẹn ló jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ ni?"

Meinrad kì í ṣe oníjà. Ó fara dà á títí, nígbà tó yá, òun náà fipá jí ní àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kan, ó sì lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n omi. Nígbà tí Ludwina dé, ó rí ọmọkùnrin tí òtútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa.

"Ludwina, ṣé o fẹ́ máa dójú tì mí ni?"

"Èmi ò wo ojú ẹ. Ọ̀nà ni mò ń wò."

"Iṣẹ́ mi ni."

"Ta ló gbà á lọ́wọ́ ẹ? Òun náà rèé nílẹ̀. Ó yá, bọ́ síwájú."

Meinrad bọ́ síwájú. Ibi àká ni wọ́n dé tó fi ń wá èémí. Ludwina kọjá lára rẹ̀, òun náà sì tẹ̀ lé e. Bàbá ọkọ mi fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn yìí tó bá ti mu wáìnì díẹ̀. Á ní, "Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mò ń wò láti ibi àká títí dé ilé àdúrà. Nígbà tá a fi máa dé òkè, mo ti mọ̀ pé ẹ̀yìn tí n ó máa tẹ̀ lé nìyẹn títí n ó fi kú." Ìyá á ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé níwájú àwọn ọmọ. Kò ní pa á dé.

Nígbà tí ìpàdé tún jókòó, Meinrad dìde níwájú bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mo dá iṣẹ́ yín padà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi kọ́ ni mò ń ṣe é. Ẹ gbé e fún ẹni tó ń ṣe é."

Odilo ní, "Tó bá rì sínú yìnyín ńkọ́?"

Alban dáhùn láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. "Odilo, tí kì í bá ṣe tirẹ̀, ìyàwó mi ni ì bá ti rì." Ó sì na ọwọ́ sókè. Bí ọwọ́ yòókù ṣe tẹ̀ lé e nìyẹn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ti Odilo ló sì gbẹ̀yìn. Ó nà án, ó kọjú sí ògiri, ṣùgbọ́n ó nà án.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó ṣíwájú Ludwina lórí ọ̀nà náà. Ó fẹ́ Meinrad, ó sì ń tẹ̀ ẹ́. Ó lóyún Gervas, ọkọ mi, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ó bí i tán, ó tẹ́ irun àgùntàn sínú agbọ̀n ẹ̀yìn, ó gbé ọmọ sí i, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ fún ìgbéyàwó, ó tẹ̀ ẹ́ fún ìsìnkú Theodul, nígbà tí Odilo náà sì kú láàárín òtútù, òun ló ṣíwájú pósí. Títì ọlọ́dà dé ìlú, katakata bẹ̀rẹ̀ sí í kó yìnyín, àwọn ènìyàn ní kò sí ìdí fún ìyọnu mọ́. Ó ní katakata kò mọ ọ̀nà ilé àdúrà. Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ìlú ńlá láti wo àwọn ilé onígi wa tí oòrùn ti sun dúdú, òun náà ń mú wọn yípo. Ọ̀gbẹ́ni kan bi í pé ilé yìí ti dàgbà tó. Ó ní, "Ó jù mí lọ. Ó sì nàró jù mí lọ."

Èmi, Romana, ará ìsàlẹ̀ ni mí, láti ìlú etí odò tí yìnyín kì í pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo ṣubú níwájú gbogbo ìlú, bàtà yìnyín mi méjèèjì lọ́ mọ́ra. Ìyá ọkọ mi fà mí dìde, ó ní, "Ará ìsàlẹ̀, òkè là ń lọ, ilẹ̀ kọ́." Orúkọ náà sì mọ́ mi lára. Mo bímọ síbí, mo fún màlúù síbí, àwọn kan ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mo máa ń tẹ̀ lé Ìyá lọ tó bá gbà fún mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń wà.

Meinrad kú ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ìyẹn kò dá Ìyá dúró. Egungun ìbàdí ló dá a dúró. Ní ọdún tó kọjá, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní ìsàlẹ̀, wọ́n pààrọ̀ egungun náà, wọ́n sì fi ọ̀pá méjì rán an wálé. Ìgbà òtútù wọlé, ó ń wo yìnyín láti ojú fèrèsé. Gervas bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé ká gba kámú, pé iṣẹ́ Ìyá ti parí nìyẹn.

Ọjọ́ àjọ̀dún Sẹbasitíánì ẹni mímọ́, tí gbogbo ìlú máa ń gòkè lọ ṣe ìsìn ní ilé àdúrà rẹ̀, ti sún mọ́lé nígbà tí yìnyín kan dé tí a kò rí irú rẹ̀ rí láti ọdún pípẹ́. Ìjọba ti títì pa. Katakata dúró sí ìsàlẹ̀. Iná ọba lọ. Àlùfáà tó ti gòkè wá sílé wa ṣáájú wò ó títí, ó ní ká ṣe ìsìn nínú yàrá òkè ààrò lọ́dún yìí. Gbogbo ènìyàn gbà. Ní àárọ̀ àjọ̀dún, mo bá Ìyá lórí pákó iwájú ilé, ó ń di okùn awọ.

"Màámi, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ibi tí mo máa ń lọ."

"Dókítà ní kí ẹ máa rọra."

"Dókítà ní kí n máa rìn. Ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Kò sọ ibi tí n ó máa rìn sí."

Mo ronú pé kí n pe Gervas. Mo wo ojú rẹ̀, n kò pè é. Mo wọ bàtà yìnyín tèmi, mo tẹ̀ lé e.

Ó rìn dáadáa láti ìdí omi dé àárín àká. Ó yà bá etí igbó bó ṣe máa ń yà. Ọ̀pá rẹ̀ ń wọlé jinlẹ̀, ó ń fà á yọ. Nínú igbó ló ti dúró, ó fara ti igi kan. Èmi náà dúró. N kò rí Ludwina kó dúró sinmi rí lójú ọ̀nà yẹn.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká padà. Kò sí ẹni tó máa bá yín wí."

"Ta ló sọ̀rọ̀ ìpadà? Bọ́ síwájú."

"Èmi?"

"Ṣé o rí ẹlòmíràn níbí ni?"

Mo kọjá lára rẹ̀. Yìnyín tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀ wà níwájú mi, funfun báláú, igi ní ọ̀tún, igi ní òsì. Mo tẹ ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Mo dúró. Mo tún un tẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ẹ fẹ̀ jù," ó ní láti ẹ̀yìn. "Ijó kọ́ là ń jó."

Mo sún wọn mọ́ra.

"Má wo ẹsẹ̀. Wo ibi tó o ń lọ. Ẹsẹ̀ máa tẹ̀ lé ojú."

Mo gbójú sókè. Mo ń tẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, nígbà tó yá kò sọ̀rọ̀ mọ́, mo kàn ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wọ inú ojú ẹsẹ̀ mi, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìyẹ̀. Ibi tí igbó ti tán ni mo ti bojú wẹ̀yìn. Ọ̀nà náà wà nísàlẹ̀ bí okùn tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, àwọn ènìyàn sì wà lórí rẹ̀. Gervas ló ṣíwájú, àlùfáà wà lẹ́yìn rẹ̀, Verena gbé búrẹ́dì sínú agbọ̀n ẹ̀yìn, àwọn arúgbó, àwọn ọmọdé, gbogbo ilé òkè àti ti ìsàlẹ̀. Wọ́n ti rí ojú ẹsẹ̀ nídìí omi, kò sì sí ẹni tó pe ẹnìkejì rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e.

Ìyá náà wò wọ́n. Ó wá ní, "Wọ́n ò tíì jẹun àárọ̀, àwọn oníyà wọ̀nyí."

A fọwọ́ wa yìnyín kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé àdúrà. Ìyá jókòó sórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí àwọn yòókù dé, Verena kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láti bá a tú bàtà yìnyín. "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá Ludwina. Ẹ kú ẹsẹ̀."

"Láti inú igbó wá, èmi kọ́ o," Ìyá ní, ó sì gbé ohùn sókè kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. "Romana ló tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó mi ni."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. N kò mọ ibi tí n ó fi ọwọ́ mi sí. Alban, bàbá Verena, tó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ dì mú lápá, fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ ojú ọ̀nà wò, ó tún un tẹ̀, ó ní, "Ó le. Ó dáa." Ó wọlé lọ. N kò tíì gba oyè rí láyé mi, ṣùgbọ́n mo rò pé bó ṣe máa ń rí lára ẹni tí wọ́n bá fi joyè nìyẹn.

A gbàdúrà, a kọrin, a jẹ búrẹ́dì Verena pẹ̀lú wàràkàṣì lórí àpáta, oòrùn sì jáde. Nígbà tó tó àkókò láti sọ̀ kalẹ̀ gba ẹ̀yìn ààrò, mo ti di bàtà mi, mo ti dúró síwájú gbogbo wọn. Mo gbọ́ ọ̀pá méjì lẹ́yìn mi.

"Yà fún mi," Ìyá ní. "Ìsàlẹ̀ kò nira."

Mo yà fún un. Ó bọ́ síwájú, ó tẹ ẹsẹ̀ kan mọ́lẹ̀, ó dúró kí yìnyín gbà á, ó tún un tẹ̀, gbogbo Jodernried sì tò sẹ́yìn rẹ̀.